Aṣọ Tí Kò Mu Aró

Ọ̀ọ́dúnrún náírà géérégé ni Asiata Àmúdà kà sórí káńtà lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú oṣù Fẹ́búárì, ọdún 1981, ó sì gba ìgàn aṣọ funfun márùn-ún. Ọgọ́ta náírà ni ìgàn kọ̀ọ̀kan. Ó dá mi lójú, nítorí èmi ni mo ka rísíìtì náà fún un, mo sì kà á ju ìgbà ogún lọ kí ọ̀rọ̀ náà tó parí.

Ilé rẹ̀ ló tẹ̀ lé tèmi ní Igbein. Ìkòkò aró mẹ́sàn-án ló wà lẹ́yìnkùlé rẹ̀, ìyá rẹ̀ ló sì fi mẹ́ta sílẹ̀ fún un nínú wọn. Àmúdà ọkọ rẹ̀ ti kú láti ọdún 1974, àwọn ìkòkò yẹn ló ń bọ́ ilé láti ìgbà náà. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì dúdú dé ìgúnpá; aró ti wọ inú èékánná rẹ̀, kò sí ọṣẹ tó lè yọ ọ́. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bùsírátù ọmọ rẹ̀, tó ti wà nílé ọkọ ní Kémta ṣùgbọ́n tó ń wá bá a ṣiṣẹ́ láràárọ̀, ló gba gbogbo ẹnu tó yẹ kó jẹ́ ti àwọn méjèèjì.

Owó tó fi ra aṣọ yẹn kì í ṣe tirẹ̀ tán. Owó èsúsú ni. Àwọn aláró méjìlá ló ń dá a, náírà mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lóṣooṣù, ẹnì kan á sì kó ọ̀ọ́dúnrún. Oṣù Jánúárì ló kan Asiata. Ẹni tó bá kọ́kọ́ kó èsúsú, ẹ má pè é lólówó. Onígbèsè ni, ó ku oṣù mọ́kànlá tí yóò máa fi dá a padà. Òfin wọn kò ní kọ̀rọ̀: ẹni tó bá jẹ oṣù mẹ́ta láìsan, wọ́n á pe orúkọ rẹ̀ láàárín ẹgbẹ́, wọn kò sì ní bá a dá nǹkan mọ́ láéláé. Fún opó tí kò ní ìwé báńkì, èsúsú yẹn ni báńkì, òun náà ni ọkọ. Tí wọ́n bá lé e níbẹ̀, kò tún ní rí owó ra aṣọ tirẹ̀ mọ́. Yóò kàn máa bá àwọn ẹlòmíràn rẹ aṣọ wọn, kọ́bọ̀ lórí kọ́bọ̀, títí ọwọ́ rẹ̀ yóò fi rọ.

Lọ́dọ̀ àwọn ìyá aláṣọ ní Ìtòkú ló ti máa ń rajà. Náírà mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ni wọ́n ń ta ìgàn nígbà náà. Ilé-ìtajà ńlá kan wá wà lójú ọ̀nà Ìbarà, Èkó ni olú-ilé rẹ̀ wà. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Alágogo la máa ń pè é, nítorí agogo kékeré kan wà lókè ilẹ̀kùn rẹ̀ tó ń dún bí èèyàn bá ti wọlé. Alágogo lẹ ìwé mọ́ gíláàsì: ọgọ́ta náírà. Náírà mẹ́rin lọ́nà márùn-ún, ogún náírà lèrè kí aṣọ tó dé inú aró rárá. Èmi gan-an ni mo bá a ṣe ìṣirò yẹn. Mo sọ ọ́ kí ẹ lè mọ̀ pé n kò bọ́ nínú ẹ̀bi.

Ní Ìtòkú, aláró kì í ra aṣọ funfun láìdán an wò. Á fa òwú kan yọ létí aṣọ, á ṣáná sí i. Tó bá jẹ́ òwú gidi, á jó bíi bébà, á di eérú. Tó bá jẹ́ pé wọ́n ti po nǹkan bíi rọ́bà mọ́ ọn, á yọ́ bí àbẹ́là, á di kókó dúdú. Ohun tí Asiata fẹ́ ṣe ní Alágogo náà nìyẹn. Ó ti mú ìṣáná jáde nígbà tí Túbọ̀sún, akọ̀wé tó ń ta aṣọ, fò dìde.

“Màmá, kí lẹ fẹ́ fi ìṣáná ṣe?”

“Òwú kan péré ni mo fẹ́ jó, ọmọ mi.”

“Ṣọ́ọ̀bù lẹ fẹ́ jó! Ẹ wò ó, wọ́n fi bébà dì í, wọ́n fi síìlì lẹ̀ ẹ́. Ẹni tó bá já síìlì ti rà á nìyẹn. Òwú pọ́nńbélé ni wọ́n kọ sí i lára.”

“Ta ló kọ ọ́?”

“Òyìnbó ló kọ ọ́, Màmá.”

Ó dá ìṣáná padà sínú àpò. Bí òyìnbó bá ti kọ ọ́, kí ló kù?

Ọ̀sẹ̀ méjì ni òun àti Bùsírátù fi fi okùn ìko di ìgàn méjì nínú márùn-ún ní kókó-kókó, kí aró má bàa wọ ojú ibi tí wọ́n dì. Àwọn tó ń ra àdìrẹ lè máà mọ̀ pé ibẹ̀ niṣẹ́ wà. Rírẹ kò tó nǹkan. Nígbà tí wọ́n wá rì í sínú aró, mo wà lórí ìjókòó mi lẹ́yìn ilé, mò ń gba orí ògiri wò wọ́n. Aṣọ tó bá mu aró, bí wọ́n bá yọ ọ́, á kọ́kọ́ rí bí ewé tútù, bí afẹ́fẹ́ bá ti fẹ́ sí i, á máa dúdú lójú ẹni. Èyí jáde bí aṣọ tí wọ́n fi nu ilẹ̀. Wọ́n tún un rì. Ìgbà mẹ́fà. Wọ́n ṣàn án lómi, ó padà di funfun.

“Ìyá mi,” ni Bùsírátù wí, “ṣé aṣọ la rà ni àbí ewé kókò?”

Asiata dìde. Ó wọlé, ó mú yẹ̀rì funfun rẹ̀ kan tó ti gbó wá, ó rì í sínú ìkòkò kan náà. Yẹ̀rì jáde, ó dúdú mininjọ. Aró kò ní ẹ̀bi. Ìgbà náà ló tó fa òwú kan yọ lára ìgàn Alágogo, ó ṣáná sí i. Ó yọ́, ó kán sí i látàǹpàkò.

“Ó jó mi,” ni gbogbo ohun tó sọ.

Lọ́jọ́ kejì, èmi àti àwọn méjèèjì gbé ìgàn márààrún padà lọ. Ẹ̀yìn rísíìtì ní ọ̀rọ̀ tí mo ti kà fún un lójú ọ̀nà: ọjà tí oníbàárà kò bá tíì lò nìkan ni wọ́n ń gbà padà, láàárín ọjọ́ méje. Mánẹ́jà, Ọ̀gbẹ́ni Ọmọ́tọ́ṣọ́, kò fi ìjókòó lọ̀ wá. Ó wo ìko tó wà lára aṣọ.

“Màmá, ẹ ti lò ó.”

“Mi ò lò ó, Mánẹ́jà. Mo rẹ ẹ́ ni.”

“Ọjà tó bá ti kan omi ti di ti oníbàárà.”

“Tí mi ò bá rì í sómi, báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé kì í mu aró?”

“Ẹ ò bá ti yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́ ẹ tó rà á.”

“Mo fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Ọmọ yín ní n ò gbọdọ̀ ṣáná.”

“Òótọ́ ló sọ. Ẹnikẹ́ni ò lè ṣáná níbí.”

“Ó dáa. Mi ò gbọdọ̀ jó o, mi ò gbọdọ̀ rì í. Ṣé kí n máa fojú wò ó ni?”

Mo ní kó jẹ́ kí á sọ ti ìgàn mẹ́ta tí a kò tíì tú. Ó ní ọjọ́ méje ti kọjá. Mo ní ẹni tó ń di aṣọ kò lè mọ̀ láàárín ọjọ́ méje. Ó wo aago ọwọ́ rẹ̀. Ó wá sọ ohun tí kò yẹ kó sọ: “Bóyá aró yín ló ti kú, Màmá.”

“Aró ìyá mi ló kú?” Bùsírátù ti dé iwájú káńtà. “Ẹ na ọwọ́ yín wá ká rì í, ẹ ó mọ̀ bóyá ó kú! Ìyàwó yín ò ní mọ̀ yín lálẹ́!”

Àwọn oníbàárà bú sẹ́rìn-ín. Kí ariwo má bàa pọ̀, mánẹ́jà ní kí Túbọ̀sún gbé ìwé ẹ̀sùn jáde, kí ó kọ ọ́, kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí Èkó. Túbọ̀sún ṣí ìwé, ó tẹ bírò.

“Kí laṣọ náà ṣe, Màmá?”

“Kò mu.”

“Kò mu báwo?”

“Kò mu rárá.”

Túbọ̀sún kọ ọ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì. Mi ò yọjú sí i kí n kà á. Àṣìṣe tèmi kejì nìyẹn. Nígbà tó gbé táǹpù wá kí Asiata tẹ ìka, Bùsírátù ní, “Ẹ má wulẹ̀ dààmú, ọwọ́ ìyá mi ti ní táǹpù tiẹ̀ lára.”

Èkó kò dáhùn ní Máàṣì. Láti Igbein dé Ìbarà, ogún kọ́bọ̀ ni àlọ nínú kàbúkàbú, ogún kọ́bọ̀ ni àbọ̀. Ìgbà mẹ́sàn-án ni Asiata lọ béèrè, náírà mẹ́ta àti ọgọ́ta kọ́bọ̀ nìyẹn. “Ẹ padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, Màmá.” Ó ti rí èsúsú Fẹ́búárì san nínú owó ọwọ́ rẹ̀. Fún Máàṣì, ó ta yẹtí góòlù tí Àmúdà rà fún un, ogójì náírà. Fún Éépírì, ó ta abo ewúrẹ́ rẹ̀, náírà méjìdínlógójì. Ìyókù owó méjèèjì bá oúnjẹ lọ. Ní Méè, kò sí ohun tó kù láti tà àfi ìkòkò aró, ẹnikẹ́ni kì í sì í ta ìyẹn.

Ìparí Éépírì ni ìwé ti Èkó dé. Ó gbé e wá fún mi pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Mo wọ awò ojú mi, mo kà á tán, mo tún kà á.

“Kí ni wọ́n wí, Bàbá Olúṣẹ̀yẹ?”

“Wọ́n ní ẹ ṣeun tẹ́ ẹ kọ̀wé. Wọ́n ní ó dùn àwọn pé ọtí tẹ́ ẹ rà kò ṣe é mu.”

“Ọtí wo?”

“Wọ́n ní kẹ́ ẹ dá ìgò rẹ̀ padà. Mánẹ́jà ti gbàṣẹ láti pààrọ̀ rẹ̀, ìgò fún ìgò.”

Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó yé mi. Bí Túbọ̀sún ṣe gbọ́ ọ ló ṣe kọ ọ́: kò mu rárá. Kò dárúkọ aṣọ, kò dárúkọ aró. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbọ́ Yorùbá mọ̀ pé aṣọ a máa mu aró. Aṣọ kì í mu nǹkan kan ní Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó jókòó l'Ékòó wá rò pé ọtí ló kọ̀ tí kò ṣe é mu, ó sì gbé ọ̀rọ̀ náà fún àwọn tó ń bójú tó ìgò.

Bùsírátù rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. “Ìyá mi ti di ọ̀mùtí l'Ékòó! Kí Lèmọ́mù má gbọ́ o!”

Asiata náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó wá gbé ọwọ́ dúdú rẹ̀ lé ojú, ó sì gbé e síbẹ̀ pẹ́. Mo kọ ìwé mìíràn lọ́jọ́ náà, mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀, mo fi òwú tó yọ́ lẹ̀ mọ́ ọn. Wọn kò dá a lóhùn ní Méè. Wọn kò dá a lóhùn ní Júùnù.

Ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn Júùnù ni Lydia Olúbọ̀dé wá. Aláró lòun náà, ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ni, òun ló ń tọ́jú owó èsúsú, òun àti Asiata sì ti jọ ń pọnmi láti kékeré. Kò jókòó.

“Asiata, Méè rèé, Júùnù rèé.”

“Mo mọ̀.”

“Ìparí Júláì ló pé mẹ́ta. Mi ò lè máa sọ fún àwọn tó kù pé o ń dúró de Èkó. Àwọn kan ní o ti jẹ owó náà.”

“Lydia, ìwọ mọ̀ mí.”

“Èmi mọ̀ ẹ́. Òfin ni kò mọ̀ ẹ́.”

Asiata wá béèrè pé, “Ká ní ìwọ ni, tí ẹnì kan jẹ ẹ́ lówó báyìí, kí lò bá ṣe?”

“Èmi? Màá lọ dógò tì í ni, bíi ti àwọn bàbá wa.” Lydia fi rẹ́rìn-ín. “Àfi tí mánẹ́jà bá máa fún ẹ lóúnjẹ.”

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè máà mọ dógò. Láyé àtijọ́ nílẹ̀ Ẹ̀gbá, bí onígbèsè kò bá san, olówó á lọ tẹ́ ẹní sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Kò ní lù ú. Kò sì ní kúrò níbẹ̀, onígbèsè náà ni yóò sì máa bọ́ ọ. Ẹni tó bá fẹ́ wọlé á kọjá lára rẹ̀, á béèrè ohun tó ń ṣe níbẹ̀, òun á sì dáhùn. Lydia fi í ṣeré ni. Asiata ò fi í ṣeré. Lọ́jọ́ kejì, ó ká ẹní, ó gbé ìgàn aṣọ kan rù, ó ra páálí ìṣáná kan, ó sì gba Ìbarà lọ.

Mo bá a níbẹ̀ lọ́sàn-án. Ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, níbi tí sìmẹ́ǹtì Alágogo ti parí gan-an. Kò pariwo. Bí èèyàn bá fẹ́ wọlé, á ní, “Ẹ kú ọjà o.” Bí onítọ̀hún bá dúró, á fa òwú kan yọ, á ṣáná sí i, á jẹ́ kó kán sílẹ̀. “Òwú pọ́nńbélé ni wọ́n pe èyí fún mi. Ọ̀ọ́dúnrún náírà.” Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Mégáàdì jáde. “Màmá, ọ̀gá ní kẹ́ ẹ dìde.”

“Ilẹ̀ ta ni mo jókòó lé?”

Mégáàdì wo ilẹ̀. “Ti ìjọba ni.”

“Kí ìjọba wá lé mi.”

Lọ́jọ́ kejì, àwọn aláṣọ Ìtòkú ti gbọ́. Àwọn tó ń kọjá lọ sílé dúró kí i, wọ́n bá a jókòó díẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ní, “Wọ́n dín náírà mẹ́rin fún ẹ, àbí?” Asiata ní, “Wọ́n dín in.” Kò gbìyànjú láti bá a jà. Òòrùn pa á fún ọjọ́ mẹ́ta. Túbọ̀sún sọ fún mi lẹ́yìn náà pé agogo dún ìgbà mẹ́rìnléláàádọ́ta lọ́jọ́ kìíní. Ìgbà mọ́kànlá péré ló dún lọ́jọ́ kẹta, mánẹ́jà sì ń kà á.

Ọjọ́ kẹta náà ló ní ká wọlé. Ó fi ìjókòó lọ̀ wá lọ́tẹ̀ yìí.

“Màmá, kí lẹ fẹ́ gan-an?”

“Ọ̀ọ́dúnrún náírà.”

“Mi ò láṣẹ láti dá owó padà. Èkó nìkan ló láṣẹ. Mo fi Ọlọ́run búra fún yín.” Mo gbà á gbọ́, ojú rẹ̀ ti rẹ̀ bíi tiwa. Ó tú fáìlì, ó mú ìwé ti Èkó jáde, ó kà á. Ó gbójú sókè wo pẹpẹ tó wà lẹ́yìn wa. Ìgò omi ọsàn tí wọ́n ń fi omi là ló tò síbẹ̀, náírà méjì àti àádọ́ta kọ́bọ̀ ọ̀kan.

“Ìgò ni wọ́n fún mi láṣẹ láti pààrọ̀,” ló wí, bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. “Ọ̀ọ́dúnrún náírà jẹ́ ọgọ́fà ìgò.”

“Ṣé ọtí ni?” Asiata béèrè.

“Rárá, Màmá. Ọsàn ni. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ dá ìgò ti àkọ́kọ́ padà. Ó wà nínú ìwé.”

“Ìgò wo?” ni mo bi í.

Kò wò mí lójú. “Ìgò èyíkéyìí, bàbá. Kó ṣáà pé ọgọ́fà.”

Irọ́ ni, mo mọ̀, irọ́ tó ní síìlì. Mo ti jẹ́ akọ̀wé ilé ẹrù rélùwéè ní Láfẹ́nwá fún ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, n kò fọwọ́ sí irú rẹ̀ rí. Mo wo Asiata. Júláì ti kù sí dẹ̀dẹ̀. “Ẹ jẹ́ ká wá ìgò lọ, Bàbá Olúṣẹ̀yẹ,” ló wí.

Lọ́wọ́ àwọn tó ń ra ìgò ní Láfẹ́nwá la ti rà wọ́n, kọ́bọ̀ márùn-ún ọ̀kan, náírà mẹ́fà. Owó ọmọláńkẹ́ àlọ àtàbọ̀, náírà mẹ́ta. Túbọ̀sún ka ìgò òfìfo, ó ka èyí tó kún, ó kọ ọ́ sínú ìwé pé oníbàárà ti gba ìtẹ́lọ́rùn. Lórí gegele Igbein, mẹ́rin fọ́. Ní ti aṣọ, mánẹ́jà kò gbà á. Kò sí aṣọ kankan nínú fáìlì.

Ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ náà gan-an, ìyẹn sì ni orí tó yọ Asiata. Bùsírátù kó omi ọsàn kiri ilé àwọn tó fẹ́ ṣínu. Ṣùgbọ́n ta ni yóò rà á ní náírà méjì àti àádọ́ta kọ́bọ̀ nígbà tí Alágogo ń tà á bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú agogo? Náírà méjì àti ogún kọ́bọ̀ ló tà á. Ìgò mẹ́rìndínlọ́gọ́fà, ₦255.20. Ẹ yọ náírà mẹ́sàn-án ti ìgò òfìfo àti ọmọláńkẹ́. Ó ku ₦246.20.

Ọjọ́ tó kẹ́yìn Júláì, Asiata rán mi lọ pe Lydia. Ó ka igba náírà sílẹ̀: Méè, Júùnù, Júláì, àti gbogbo oṣù tó kù títí dé Dìsẹ́ḿbà.

Lydia kà á lẹ́ẹ̀mejì. “Asiata, èyí tó tó àsìkò kò ju márùndínlọ́gọ́rin lọ. Mú ìyókù, fi ra aṣọ.”

“Gbà á.”

“Wàá wá fi kí ni ṣiṣẹ́?”

“Ó ti rẹ̀ mí, Lydia. Mi ò fẹ́ jẹ ẹnì kankan mọ́. Tẹ́ ẹ bá bẹ̀rẹ̀ òmíràn ní Jánúárì, ẹ fi mí sí ìkẹyìn.”

Lydia so owó mọ́ etí ìró rẹ̀. Ó jáde.

Ohun tó kù sí Asiata lọ́wọ́ jẹ́ ₦46.20. Kò tó ìgàn kan ní Ìtòkú. Odindi ọdún kan ló fi bá àwọn ẹlòmíràn rẹ aṣọ wọn kó tó tún lè ra tirẹ̀. Ìgbàkígbà tó bá sì ń lọ rajà, páálí ìṣáná wà létí ìró rẹ̀.

Alágogo jẹ ẹ́ ní ₦53.80, ká fi ₦3.60 ti kàbúkàbú lé e, ₦57.40. Mi ò tíì ka yẹtí àti ewúrẹ́. Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi. Asiata ti ní kí n fa igi lé e, pé kò sẹ́ni tó máa san án. Òótọ́ ló sọ, n kò sì tíì fa igi lé e. Ìgàn márààrún yẹn ni wọ́n gé, tí wọ́n fi ń bo ìkòkò aró nítorí òjò. Aró ń ta sí i lára láràárọ̀, òjò sì ń ṣàn án. Ọdún kẹta rèé, mò ń gba orí ògiri wò ó: ó ṣì funfun bí ọjọ́ tó kúrò lórí káńtà.